Pozzuoli: Ìlú etí òkun tí ilẹ̀ ń gbé sókè

Ní èbúté kékeré táwọn apẹja ń lò nílùú Pozzuoli, lórílẹ̀-èdè Ítálì, omi ti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Bí omi bá fà díẹ̀, ọkọ̀ á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ sójú òkun á sì dúró dìgbà tí omi bá padà. Àlejò tó bá débẹ̀ á rò pé òkun ló ń gbẹ. Òkun ò gbẹ o. Ilẹ̀ ló ń dìde, tòun ti ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ojú irin àti gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Láti ọdún 2005 títí di ọdún 2025, àárín ìlú náà ti fi ohun tó lé ní mítà 1.4 kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ tó ń dìde báyìí kì í dìde wẹ́rẹ́. Àpáta abẹ́ rẹ̀ á máa sán, ìlú á sì máa mì. Lálẹ́ ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ìmìtìtì ilẹ̀ tí agbára rẹ̀ wọn 4.4 ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Èèyàn tó lé ní 1,000 ni wọ́n ní kó jáde nílé tí ògiri rẹ̀ ti sán, wọ́n sì kó àwọn obìnrin tó wà lẹ́wọ̀n ìlú náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ibòmíràn. Lóru ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2025, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago kan ààbọ̀ lù, òmíràn tó wọn 4.6 ba àwọn ará Bagnoli, àdúgbò Naples kan tó wà ní etí òkun ọ̀hún, lórí ibùsùn. Òkúta já láti ara ilé, ó fọ́ ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sísàlẹ̀, ìdílé tó sá jáde pẹ̀lú aṣọ oorun sì sun inú mọ́tò mọ́jú. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún yẹn kan náà, 4.6 mìíràn tún dé lọ́sàn-án gangan. Lọ́tẹ̀ yìí, apá kan lára Punta Pennata, erékùṣù kékeré tó wà nítòsí Bacoli, ya lulẹ̀ sínú òkun.

Àtìgbà náà ni fídíò ti ń fò kiri lórí WhatsApp àti TikTok pé Campi Flegrei, òkè ayọnáyèéfín tí ìlú náà wà lórí rẹ̀, ti fẹ́ bú, ó sì máa pa Yúróòpù rẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń gbé Naples, ọ̀pọ̀ tún wà ní Castel Volturno tó wà lápá òkè ní etí òkun ọ̀hún, kò sì yà mí lẹ́nu bí ìyá tó wà nílé bá ń pe ọmọ rẹ̀ lóru nítorí fídíò báyẹn. (Castel Volturno kò sí lára agbègbè tí ìjọba ṣètò pé àwọn máa kó kúrò bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ariwo “ó ti fẹ́ bú” yìí ló ń bo ohun tó ń han àwọn ará ibẹ̀ léèmọ̀ gan-an mọ́lẹ̀. Láti ọdún 1538 ni òkè náà kò ti bú mọ́. Ilẹ̀ tó ń dìde nìkan, láìsí iná, láìsí eérú, ti lé èèyàn tó lé ní 40,000 kúrò nílé wọn láàárín ọdún 1970 sí 1984.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Apá òkun ńlá kan ya wọ ilẹ̀ ní gúúsù Ítálì, Naples ló wà ní etí rẹ̀. Apá òkun Pozzuoli dà bí ìyẹ̀wù kan nínú ilé ńlá yẹn, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá dúró lórí Rione Terra, àpáta tí wọ́n tẹ ìlú Pozzuoli dó sí, tó kọjú sí omi, á rí Baia àti ṣóńṣó ilẹ̀ Miseno lọ́wọ́ ọ̀tún, á rí Bagnoli àti erékùṣù Nisida lọ́wọ́ òsì, á sì rí Procida àti Ischia lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rẹwà, kò ṣeé sẹ́. Kò sì sí òkè ńlá kankan tó ń rú èéfín sójú ọ̀run. Vesuvius tí gbogbo ayé mọ̀ wà lódìkejì Naples, òun kọ́ là ń wí.

Òkè ayọnáyèéfín ti ibí, tí wọ́n ń pè ní Campi Flegrei, kò rí bí òkè rárá. Kòtò ni. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 12 sí 15 láti etí kan dé èkejì. Ìbúgbàù ńlá méjì ló gbẹ́ ẹ: ọ̀kan ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn, èkejì ní nǹkan bí 15,000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìbúgbàù kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ tí kò ní ohun tó gbé e dúró mọ́ dà wó sínú. Òkun wá bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kòtò náà, ibi tí òkun bò yẹn sì ni apá òkun Pozzuoli. Ìyẹn túmọ̀ sí pé inú ẹnu òkè ayọnáyèéfín ni ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Procida àti Ischia ti ń gbéra lárààárọ̀.

Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fi imú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ìrìn díẹ̀ sí àárín Pozzuoli ni Solfatara wà, gbàgede funfun kan tí koríko ò hù sí, tí oru gbígbóná ń tú jáde láti inú ilẹ̀, tí imí ọjọ́ sì ti kun òkúta ẹnu ihò rẹ̀ ní àwọ̀ òféèfèé yẹ́lò. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń sanwó wọbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ilẹ̀ là lábẹ́ ẹsẹ̀ ìdílé kan, bàbá, ìyá àti ọmọ wọn ọkùnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kú sínú ihò náà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti tì í pa.

Kí wá ni èèyàn ń wá níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń bi àwọn ará Pozzuoli, ó sì máa ń bí wọn nínú. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tó ń pa wọ́n lára náà ló ń bọ́ wọn. Ilẹ̀ eérú yẹn lọ́ràá, àjàrà ń ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Omi gbígbóná ń sun láti abẹ́ ilẹ̀. Apá òkun náà ṣe rọgbọdọ, ìjì kì í fi bẹ́ẹ̀ da ọkọ̀ láàmú nínú rẹ̀. Àwọn Gíríìkì ti wà ní Cumae lẹ́bàá ibẹ̀ láti nǹkan bí 750 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Nígbà tó di ọdún 194 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Róòmù sọ Pozzuoli di ìlú tiwọn, wọ́n pè é ní Puteoli, ó sì di èbúté tí ọkọ̀ ọkà láti Íjíbítì ń gúnlẹ̀ sí kí Róòmù tó rí oúnjẹ jẹ.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá ti bá orúkọ yẹn pàdé, bóyá ló kíyè sí i. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 28, Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú lọ sí Róòmù gúnlẹ̀ sí Puteoli, ó bá àwọn arákùnrin níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn gbé fún ọjọ́ méje. Kesaríà tí wọ́n ti tì í mọ́lé fún ọdún méjì ṣáájú ni ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé eérú apá òkun Pozzuoli yìí ni Hẹ́rọ́dù kó sọdá òkun láti fi kọ́ èbúté Kesaríà. Bí wọ́n bá po eérú náà mọ́ ẹfun sísun àti omi, ó máa ń le bí àpáta, kódà nínú omi òkun. Òun ló jẹ́ kí ara Róòmù lè kọ́lé sínú òkun nígbà tí ẹlòmíràn ò gbójú lé e. Títí dòní, pozzolana ni àwọn oníṣẹ́ sìmẹ́ǹtì káàkiri ayé ń pe irú eérú bẹ́ẹ̀, orúkọ ìlú yìí ló sì ti wá.

Lódìkejì omi, ní Baia, àwọn ọlọ́lá Róòmù kọ́ ilé ìgbafẹ́ tiwọn. Késárì Caligula to ọkọ̀ ojú omi pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́dún 39 lẹ́yìn ìbí Jésù, ó fi ṣe afárá láti ibẹ̀ dé Pozzuoli, ó sì gun ẹṣin kọjá lórí rẹ̀. Irú owó tí wọ́n ní nìyẹn o. Àdúgbò yìí kan náà ni Késárì Nero ti ní kí wọ́n pa ìyá rẹ̀ lọ́dún 59, Baia sì ni Késárì Hadrian kú sí lọ́dún 138. Lónìí, ìdajì Baia wà nísàlẹ̀ omi. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi ìtọ́jú ohun àtijọ́ lọ́dún 2002, àwọn òmùwẹ̀ sì ń wọlé lọ wo ilẹ̀ alárànbarà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́, àtàwọn ère tí wọ́n tò sínú gbọ̀ngàn tí Késárì ti ń jẹun rí. Kò sí ogun tó rì í. Ilẹ̀ tó ń dìde lónìí ló sọ̀ kalẹ̀ nígbà yẹn.

Ẹ̀rí èyí ṣì wà ní gbangba láàárín Pozzuoli, òpó mẹ́ta tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́, ìkọ̀ọ̀kan wọn lé ní mítà 12. Inú ọjà àwọn ará Róòmù ni wọ́n wà. Ọdún 1750 ni wọ́n hú u jáde, wọ́n rí ère òrìṣà Serapis nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe bí ojúbọ ni. Bẹ́ẹ̀, ọjà ẹran àti ẹja ni. Ìsàlẹ̀ òpó náà jọ̀lọ̀ títí dé nǹkan bí mítà mẹ́ta àtààbọ̀ sókè. Láti ibẹ̀ lọ, fún bí mítà méjì àtààbọ̀, ihò ló kún ara rẹ̀ yíká, ihò róbótó róbótó tí ìka lè wọ̀. Lókè ibẹ̀, ó tún jọ̀lọ̀. Ẹ̀dá oníkarawun kan tó ń gbénú òkun, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní dattero di mare, ló dá àwọn ihò náà lu. Inú omi òkun nìkan ló ti lè ṣe é. Apá ìsàlẹ̀ ò ní ihò nítorí pé eérú àti iyanrìn ti bò ó nígbà yẹn. Òpó tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ ti wọ inú òkun tó mítà mẹ́fà, ó sì tún ti jáde, kò sì ṣubú. Charles Lyell, onímọ̀ ilẹ̀ ọmọ Skọ́tílàǹdì, rí wọn, ó sì fi àwòrán wọn síwájú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1830 láti fi han aráyé pé ilẹ̀ lè lọ sókè sódò láìfariwo.

Àmọ́ ìgbà kan wà tó fariwo. Láti ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ilẹ̀ ti ń dìde ní Pozzuoli. Lọ́dún 1503 àti 1511, ọba Sípéènì tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fún ìlú náà ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ tuntun tí òkun fà sẹ́yìn kúrò lórí rẹ̀. Ohun ayọ̀ ni nígbà náà, ta ni kò fẹ́ ilẹ̀ ọ̀fẹ́? Nígbà tó di ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1538, ilẹ̀ mì léraléra, òkun sá sẹ́yìn lójijì, ẹja wà lórí iyanrìn gbalaja, àwọn èèyàn ń ṣà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 29, ilẹ̀ là nítòsí adágún Averno. Iná, eérú àti òkúta bo abúlé Tripergole mọ́lẹ̀ pátápátá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òkè tuntun tó ga ní mítà 133 ti wà níbi tí abúlé náà wà. Wọ́n pè é ní Monte Nuovo. Nígbà tó dà bíi pé ó ti rọlẹ̀, àwọn kan gùn ún lọ wòran, ó tún bú lọ́jọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ó pa mẹ́rìnlélógún nínú wọn. Igi ló bò ó báyìí.

Àwọn ará Pozzuoli sá lọ sí Naples, wọn ò sì fẹ́ padà. Ẹni tó ń ṣojú ọba, Pedro de Toledo, kò jẹ́ kí ìlú náà di ahoro. Ó yọ̀ǹda owó orí fún ẹni tó bá padà, òun fúnra rẹ̀ sì kọ́ ààfin síbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí ìjọba ìgbà tiwa ṣe nígbà tó kàn wọ́n.

Lẹ́yìn 1538, ilẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí irínwó ọdún. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹta, ọdún 1970, ọlọ́pàá àti ológun já wọ Rione Terra, wọ́n kó nǹkan bí 3,000 èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tálákà ni, apẹja ló pọ̀ jù nínú wọn, ìran wọn sì ti wà lórí àpáta yẹn tipẹ́. Wọ́n ní ewu ń bọ̀. Òkè ò bú. Wọ́n fún wọn nílé sí Toiano, wọn ò sì padà sí Rione Terra mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ibẹ̀ fi wà ní títì. Nígbà tí wọ́n máa tún un ṣe, kàtídírà ibẹ̀ padà ṣí lọ́dún 2014, àlejò sì ń sanwó láti wo òpópónà Róòmù tí wọ́n rí lábẹ́ àwọn ilé náà. Ó dára, ó lẹ́wà. Àwọn tó ni ín ni kò sí níbẹ̀.

Láàárín ọdún 1982 sí 1984, ó tún ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ fi mítà 1.8 dìde, ó sì mì lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn èyí tó wọn 4.0 lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 1983, wọ́n kó nǹkan bí 40,000 èèyàn kúrò láàárín ìlú, wọ́n sì sáré kọ́ Monterusciello fún wọn lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Èyí náà kò bú. Ilẹ̀ padà ń rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó tó di pé ó tún gbéra lọ́dún 2005.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà méjì yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ òní le. Wọ́n ti lé àwọn òbí wọn jáde lẹ́ẹ̀mejì nítorí ohun tí kò dé. Ẹ bá màmá àgbà kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kó tún dẹrù, ohun tó máa rántí ni Rione Terra, á sì ní òun ò lọ síbì kankan. Ìjọba náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kó èèyàn jáde tí kò bú, ìlú ti kú. Bí wọn ò bá kó wọn jáde tó bú, ta ló máa dáhùn? N kò rò pé òmùgọ̀ ni ẹni tó bá dúró sílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè gbójú fo ti ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 1984, èyí tó bófin mu àti èyí tí kò bófin mu, tí àwọn aláṣẹ ń wò wọ́n níran. Monterusciello gan-an tí wọ́n ní kí wọ́n sá lọ wà nínú agbègbè pupa òní.

Agbègbè pupa yẹn ni ibi tí wọ́n máa kó gbogbo èèyàn kúrò bí ìbúgbàù bá sún mọ́lé. Nǹkan bí 500,000 èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, láti Pozzuoli, Bacoli, Quarto àti Monte di Procida wọ apá kan Naples fúnra rẹ̀. Ètò náà ni wákàtí 72: wákàtí 12 láti múra, 48 láti jáde, 12 tó kù fún ohun tí ojú ò rí tẹ́lẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní Ítálì ti mọ àwọn tí wọ́n máa gbà sọ́dọ̀. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń kìlọ̀: ewé, yẹ́lò, ọsàn, pupa. Yẹ́lò ni wọ́n gbé e sí lóṣù Kejìlá ọdún 2012, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ fi ń mì lọ́dún 2024 àti 2025, nítorí pé àwọn onímọ̀ ò rí àmì pé òkúta yíyọ́ ń gun òkè bọ̀.

Kí ló wá ń ti ilẹ̀ náà sókè? Ibi tí àwọn onímọ̀ ò ti fẹnu kò nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ìṣọ́ òkè Vesuvius, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1841, ń wọn ilẹ̀ náà tọ̀sán-tòru. Àbọ̀ wọn fi hàn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù gáàsì kábọ́nì ń tú jáde ní Solfatara lójúmọ́ kan. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé òkúta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ réré ń tú gáàsì gbígbóná sókè, gáàsì yẹn sì ń fẹ àpáta bí ẹni ń fẹ́ bàlúù. Àwọn kan ní Yunifásítì Stanford, tí Tiziana Vanorio ṣáájú wọn, sọ lọ́dún 2025 pé omi òjò tó ń rọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀ ló jẹ́ gbòógì nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní àpáta òkè tó dì mọ́ra ló ń sé omi àti oru mọ́lẹ̀, bí a bá sì darí omi òjò gba ibòmíràn, ìmìtìtì náà lè dín kù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní Ítálì kò gbà bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó rí, ohun kan tí gbogbo wọn gbà ni pé ìmìtìtì náà kò jìn, kìlómítà méjì sí mẹ́ta péré nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 4.4 tí ìlú mìíràn lè má fi bẹ́ẹ̀ kà sí fi ń fọ́ ògiri ní Pozzuoli.

Ilé ló wà nídìí ẹ̀ báyìí, ju òkè lọ. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìjọba ṣe òfin pàjáwìrì pé kí wọ́n yẹ àwọn ilé wò, kí wọ́n sì tún ọ̀nà tí èèyàn máa gbà sá jáde ṣe. Ilé ọ̀hún pọ̀, ó gbó, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sì kọ́ kí òfin ìmìtìtì ilẹ̀ tó wà. Láti fún ògiri wọn lágbára gba owó ńlá, ẹni tó sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì kò ní in.

Bagnoli ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń gbóná jù. Ilé iṣẹ́ irin ńlá wà ní etí òkun ibẹ̀ láti ọdún 1910, ó kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó fi ilẹ̀ àti omi onímájèlé sílẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ìjọba kan ń tẹ̀lé òmíràn láti ṣèlérí pé àwọn máa fọ ibẹ̀ mọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n kéde pé Naples ló máa gba ìdíje ọkọ̀ ojú omi America's Cup lálejò lọ́dún 2027, Bagnoli sì ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń díje máa fi ṣe ibùdó. Kò pẹ́ tí katakata fi wọlé. Oṣù méjì péré ṣáájú ìkéde náà ni òkúta já lé mọ́tò lórí ní Bagnoli yìí kan náà, tí àwọn ará àdúgbò sì fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìwọ́de pé ta ló máa bá àwọn tún ilé ṣe. Àwọn kan ṣì wà ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìdíje ń bọ̀, ìdíje náà sì ti ní déètì. Ti ilé wọn kò ní.